Kí Owó Àsè Tó Di Ògiri: Ohun Tí Mo Ti Kọ́ Nídìí Àsè Ìrànwọ́ Fún Ilé Àgùdà l'Ékòó

Bí èèyàn bá wọ ibi àsè ìrànwọ́ fún àtúnṣe ilé àtijọ́ l'Ékòó, ó lè rò pé òde ìgbéyàwó ni. Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá wà níbẹ̀, akọrin wà níbẹ̀, alága ọjọ́ wà níwájú pẹ̀lú fìlà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tí òde ìgbéyàwó bá ti tú, ó ti tú nìyẹn. Ti ilé yìí, ìgbà tí wọ́n bá kó àga kúrò nílẹ̀ tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣètò, mo sì ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo wá dì mú ni pé owó tí wọn kò bá dárúkọ apá ibi tó ń lọ lára ilé, bóyá fèrèsé iwájú ni o, ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ni o, páànù ẹ̀yìn ni o, kì í sábà dé ara ilé náà.

Àwọn ilé tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú ní Brazil padà wálé ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn tí wọ́n sì bá iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wálé. Pópó Àgùdà ni ibùdó wọn: Campos, Bámgbóṣé, Kákáwà, Tọ́kunbọ̀ àti àdúgbò wọn. Ọwọ́ wọn náà ló wà lára mọ́ṣáláṣí Ṣítta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tí João Baptista da Costa jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà rẹ̀. Ní Kákáwà ni ilé Dàrọ́ṣà wà, ilé omi tí gbogbo Èkó mọ̀, tí owó onílé náà fi di ohun tí àwọn àgbà fi ń dá èèyàn lóhùn tó bá béèrè owó ńlá lọ́wọ́ wọn: ṣé Dàrọ́ṣà lẹ rò pé mo jẹ́ ni?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ ètò, kó rántí Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ilé náà ní nǹkan bí 1855, ó kọjú sí gbàgede Tinúbú, ó bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Ọláìyá ní 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 September 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ ìrántí fi wà lórí rẹ̀, orúkọ náà kò sì dá katakata dúró. Nítorí náà, tí wọ́n bá pè mí síbi àsè fún ilé kan, kì í ṣe orúkọ akọrin ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Mo máa ń béèrè pé ta ló ni ilé, ta ló sì fọwọ́ sí i.

Ilé mọ̀lẹ́bí ni púpọ̀ nínú wọn, ogún tí a kò pín. Dáwódù wà, àwọn ìdí-igi wà, àwọn kan nínú ìdí-igi sì ti wà ní London tàbí ní Houston láti bí ogún ọdún, wọn kò sì gbàgbé pé àwọn ní yàrá kan lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Tí ẹgbẹ́ tó ń ṣàtúnṣe bá fẹ́ lo ilé náà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́, bíi kí wọ́n sọ ìsàlẹ̀ di ibi àfihàn àwòrán, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ Dáwódù nínú àti ti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Ti Dáwódù nìkan kò tó; ọmọ ilé kan tí wọn kò fi tirẹ̀ ṣe lè gba kóòtù lọ, iṣẹ́ a sì dúró pẹ̀lú òrùlé tí wọ́n ti ṣí. Kò sí ohun tó ń ba ilé amọ̀ jẹ́ tó òrùlé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ tí ẹjọ́ sì dì mú sí oṣù June.

Ẹ wo ìwé ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Ó yẹ kí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Part F òfin CAMA 2020, èyí tó wà fún àwọn ẹgbẹ́ tí kò wá èrè, kí wọ́n ní ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí, kí àkáǹtì sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ gan-an. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì akápò nítorí pé ti ẹgbẹ́ “ṣì wà lọ́nà,” ẹ jẹ́ kí tíyín náà ṣì wà lọ́nà. Tí ilé bá sì wà lára àwọn ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìwé àṣẹ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ohun ìrántí wọ̀nyí, gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ì báà ṣe fún àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti ṣírò. Ká ní tábìlì ogún ni wọ́n tẹ́, èèyàn 200, tíkẹ́ẹ̀tì kan sì jẹ́ ₦100,000. Owó tó wọlé lórí ìwé jẹ́ ₦20,000,000. Oúnjẹ, ohun mímu, gbọ̀ngàn, akọrin, jẹnẹrétọ̀, ayafọ́tò àti ẹ̀ṣọ́, ká pín wọn sí ₦65,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦13,000,000. Ó ku ₦7,000,000 fún ilé. Wàyí o, wọ́n á fi tábìlì mẹ́ta ta àwọn ọba, àwọn aṣojú ìjọba àti àwọn oníròyìn lọ́rẹ. Owó tó wọlé ti di ₦17,000,000, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn kò dín. Ó ku ₦4,000,000. Tábìlì mẹ́ta péré ti gbé nǹkan bí ìdajì owó ilé lọ, gbogbo èèyàn á sì máa sọ pé àsè náà dùn. Ní tèmi, tí ìnáwó bá ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì, àríyá ni, kì í ṣe ìrànwọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n wá ilé iṣẹ́ kan tàbí méjì tó máa gbé ìnáwó alẹ́ náà látòkèdélẹ̀ kí wọ́n tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kankan, kí wọ́n lè kọ ọ́ sára ìwé ìpè pé gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ló ń lọ sára ilé. Ìlà kan yẹn máa ń tà ju orúkọ akọrin lọ.

Ibo ni ká ti jẹun? Ó máa ń wu gbogbo èèyàn pé inú ilé náà gan-an ni, lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ fèrèsé olórí ṣóńṣó. Ẹ má ṣe é. Orí ìtì igi ni pákó ilẹ̀ òkè wà, orí ìtì wọ̀nyí sì wọ inú ògiri amọ̀. Orí tó wọ inú ògiri yìí ni ọ̀rinrin àti ikán máa ń kọ́kọ́ jẹ, nígbà tí àárín tí ojú rí ṣì ń dán. Ẹ fi sukúdíráfà tín-ín-rín gún un níbi tó ti pàdé ògiri. Tó bá wọlé láìjà, igi ti di lẹ́bulẹ́bu nínú. Ìjókòó èèyàn ogún kò jọ ijó èèyàn ogún. Tí akọrin bá gbé orin, tí gbogbo ẹsẹ̀ sì ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù tó ń bọ́ sórí ìtì yẹn ju ohun tí òṣùwọ̀n lè sọ lọ.

Àgbàlá ló dára, tàbí gbọ̀ngàn tó wà nítòsí. Freedom Park, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street tí wọ́n sọ di ọgbà ìgbádùn ní 2010, kò jìnnà sí Pópó Àgùdà, òun fúnra rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ fún olùfowósí pé ilé àtijọ́ lè rí iṣẹ́ ṣe. Ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, ilé Jaekel, pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn òyìnbó rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1898, ni ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún ṣe tó sì ń gbàlejò lónìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ẹ mú un lọ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ àgbàlá ilé náà lẹ máa lò, àwọn tó ń kan àgọ́ lẹ máa ṣọ́ jù. Wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Òpó tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n ń so okùn mọ́, òpó náà sì lè jẹ́ èyí tí òdòdó pílásítà wà lórí rẹ̀ láti ayé Àgùdà. Àpò yanrìn ni kí wọ́n fi dá okùn dúró. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ògiri, ó kéré tán mítà mẹ́wàá, nítorí gbígbọ̀n rẹ̀ máa ń mú kí pílásítà tó ti ṣófo nínú já bọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sẹ́lótéèpù lẹ àwòrán olùfowósí mọ́ ògiri tó ní ẹfun ìkọ́lé (lime). Tí wọ́n bá ṣí i, ẹfun a bá a lọ. Àwọn alásè, ẹ fún wọn ní àgbá tí wọ́n máa da omi àwo sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí ògiri ni wọ́n máa dà á sí ní gbogbo alẹ́. Mo ti rí i pé àṣìṣe àwọn alásè ló máa ń pẹ́ jù lára ilé.

Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde, ẹ rí i pé àlejò rìn yí ilé ká pẹ̀lú bíríkìlà tàbí ayàwòrán ilé, ogún ìṣẹ́jú, èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí ló ń mú owó jáde ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n fi hàn wọ́n ni ìdí ògiri. Ilé Erékùṣù súnmọ́ omi. Ọ̀rinrin ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, ẹ sì máa rí ìlà dúdú tàbí iyọ̀ funfun níbi tó gùn dé. Amọ̀ tí wọ́n fi ẹfun ìkọ́lé rẹ́ máa ń mí, ọ̀rinrin a gba ojú ẹfun jáde. Ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, bíríkìlà tó fẹ́ ṣe oore dé, ó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri “kó lè le.” Sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kí omi jáde, omi wá gùn lọ sókè sí i, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀, sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ sì dúró bí èèpo. Ẹ fi ìka kàn án: dídún òfìfo ló máa dún. Tí ó bá já, ó máa ń fa amọ̀ dání. Àlejò tó ti fi ìka ara rẹ̀ gbọ́ òfìfo yẹn kì í tún béèrè ìdí tí iṣẹ́ fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ wá fi iye hàn wọ́n lórí ògiri kan ṣoṣo. Ògiri yàrá tó gùn ní mítà 6, tó ga ní mítà 3.5, ojú rẹ̀ jẹ́ mítà 21 níbùú lóròó. Tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́ ẹ ní ìpele mẹ́ta tó jẹ́ mìlímítà 25 lápapọ̀, pẹ̀lú èyí tó máa já bọ́ sílẹ̀, ẹ nílò bíi lítà 600 yanrìn mímú tí wọ́n ti fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò àti lítà 200 ẹfun rírẹ. Ní ti rọ́bà ọ̀dà onílítà 20 tí bíríkìlà fi ń wọn nǹkan, ọgbọ̀n rọ́bà yanrìn ni, mẹ́wàá ẹfun. Ẹfun yẹn gbọ́dọ̀ ti wà nínú omi fún oṣù mélòó kan. Oṣù mẹ́ta ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń fẹ́. Láàárín ìpele kan sí èkejì, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà tí àsè bá wáyé ní November tí wọ́n sì ṣèlérí pé ilé á ti parí kí Kérésìmesì tó dé, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fẹ́ lò, tàbí kí wọ́n má mọ̀ rárá.

Ní ti oúnjẹ, ó dára kó bá ilé mu. Tó bá bọ́ sí àsìkò Ọjọ́ Jimọ́ Rere, fùrèjọ̀n ni àwọn Àgùdà ń jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja àti gààrí, kò sì sí àlejò tí kì í béèrè rẹ̀. Fún èèyàn 200, kílò 20 ẹ̀wà àti àgbọn 40 sí 50. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà mọ́jú, wọ́n á sè é títí á fi fọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á pò ó mọ́ omi àgbọn, wọ́n á wá máa rò ó lórí iná tó tutù títí á fi ki, pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kúlà. Alásè a rọ ọ́ gbígbóná sí inú kúlà, a dé e ní aago méjì ọ̀sán. Kó tó di aago méje, ó ti kan. Ẹ tẹ́ ẹ sínú tíréè tí kò jìn, kó tutù láìdé e, kí ẹ tó gbé e wọ yìnyín.

Gbàǹjo àti ìdáwó ni ọkàn alẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni ìwà wa ti ń ṣiṣẹ́ fún wa tàbí ṣiṣẹ́ lòdì sí wa. Alága ọjọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dáwó. Iye tó bá dá ló di òrùlé fún ẹni gbogbo: kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ju alága lọ níṣojú alága. Ẹ lọ bá a nílé ṣáájú, kẹ́ ẹ fẹnu kò sí iye, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún àwọn èèyàn lórí ìjókòó pé òun ń fẹ́ kí wọ́n ju òun lọ. Ìgbà tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, okùn ti já. Ẹ kọ orúkọ oyè gbogbo èèyàn sílẹ̀ dáadáa kí ẹ sì fún atọ́kùn ètò ní ẹ̀dà. Ẹni tí wọ́n pè ní “Ọ̀gbẹ́ni” dípò “Olóyè” lè dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ìwé sọ́wédowó rẹ̀ nínú àpò.

Gbàǹjo kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan mẹ́jọ lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá kó àwo ńlá kúrò ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé kéèkì jáde. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, ọkàn àwọn tó ń gbé òdìkejì afárá ti wà lójú ọ̀nà. Àwòrán ilé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa máa ń tà, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán máa ń tà, ojú fèrèsé tuntun tí káfíńtà ilé gbẹ́ ní àwòṣe ti àtijọ́ máa ń tà jù. Ohun tí mi ò fara mọ́ láéláé ni kí wọ́n ta nǹkan ara ilé gan-an: ilẹ̀kùn àtijọ́ “tó ti bàjẹ́,” gíláàsì aláwọ̀ tó ya, irin ojú àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn ìrókò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹrà, káfíńtà lè gé ibi tó jẹrà kúrò kó sì fi igi tuntun lẹ̀ ẹ́. Tí ó bá ti wà nínú pálọ̀ ẹnì kan ní Lẹ́kí, àtúnṣe ti parí fún un.

Ìlérí owó ni kó má fi ojú yín gbá ilẹ̀. Wọ́n á kéde rẹ̀, àtẹ́wọ́ á ró, ayafọ́tò á yà á, owó kò ní dé. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí ọ̀dọ́ kan dúró ti tábìlì méjì méjì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù: orúkọ, nọ́ńbà, iye, ọjọ́ tó máa san, àti apá ilé tó fẹ́ kó lọ fún. Kí wọ́n ní ẹ̀rọ POS tí wọ́n ti dán wò nínú gbọ̀ngàn yẹn gan-an lọ́jọ́ tó ṣáájú, nítorí nẹ́tíwọọ̀kì máa ń kú nínú gbọ̀ngàn tí páànù bò. Kí atọ́kùn ètò ka owó tí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wọlé nìkan. Ẹni tí kò san lálẹ́, ẹ pè é láàárín wákàtí 48, kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò fèrèsé tó yàn ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Tó bá ti pé oṣù kan, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé “ẹ jẹ́ ká tún rí i.”

Bí owó bá ti wọlé, ìjà tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí la máa kọ́kọ́ ṣe. Olùfowósí fẹ́ kí wọ́n kun iwájú ilé, torí iwájú ni fọ́tò ń yà. Òrùlé àti gọ́tà ló yẹ kó ṣáájú, kí wọ́n parí kó tó di oṣù March, kí òjò tó gbéra. Rírẹ́ ògiri, ẹ dá a dúró títí òjò á fi lọ ní November, ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń yára gbẹ ẹfun kó tó dì, a sì sán. Àpò kòkó tí wọ́n rẹ sómi ni kí wọ́n fi bo ojú ògiri, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fún agbaṣẹ́ṣe ní ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ fún ohun èlò tí ẹ ti fojú rí nílẹ̀. Èyí tó kù, ẹ san án bí apá kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń parí, pẹ̀lú fọ́tò ṣáájú àti fọ́tò lẹ́yìn tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó apá yẹn. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ mú un dání títí ilé á fi la òjò ọdún kan kọjá. Ní October, kí bíríkìlà náà padà wá pẹ̀lú yín, kó fi ìka kan gbogbo ògiri tó rẹ́, kó tún èyí tó bá dún òfìfo ṣe lórí owó ara rẹ̀ kó tó gba èyí tó kù.